Bí A Ṣe Díje fún Iṣẹ́ Pàǹtí Kíkó ní Ọjà Méjì Lábẹ́ Kánsù Kan ní Àbújá

Ní ìparí oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2025, ẹ̀gbọ́n mi gbé ìwé ìròyìn kan wá sí ilé mi ní Kubwa, ó ti fi bírò pupa yí ìkéde kan po. Kánsù kan nínú mẹ́fà tó wà ní agbègbè olú-ìlú ń wá agbaṣẹ́ṣe tí yóò máa kó pàǹtí ọjà méjì fún ọdún kan. Ẹ̀gbọ́n mi ní típà méjì tó ti fi kó yanrìn àti òkúta fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì rò pé kò ju kí a kọ iye owó sórí ìwé, kí a lu òǹtẹ̀, kí a lọ jù ú sínú àpótí. Èmi ni mo máa ń bá a ṣe ìṣírò owó ilé-iṣẹ́ rẹ̀, nítorí náà èmi ló gbé iṣẹ́ ìwé náà lé lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni a ní. Mo ń kọ ohun tí ojú mi rí nítorí pé àwọn ọmọ Yorùbá tó ní ọkọ̀ tàbí ilé-iṣẹ́ ìmọ́tótó kékeré pọ̀ ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe, wọ́n sì máa ń bi mí bóyá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣeé gbà láìní bàbá ìsàlẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Láàárín ìgboro Àbújá gan-an, àjọ tó ń bójú tó àyíká, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí AEPB, tí òfin ọdún 1997 dá sílẹ̀, ni ó ń pín iṣẹ́ pàǹtí fún àwọn agbaṣẹ́ṣe láti àdúgbò dé àdúgbò. Ní ti kánsù, ọjà, ibùdókọ̀, ilẹ̀ ìsìnkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò àti pàǹtí wà lára ohun tí Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Kánsù tí mo ń sọ kò ní ọkọ̀ tó tó, ṣùgbọ́n ó ní wolé-wolé; ó wá ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ní ọkọ̀, ó sì ń fi wolé-wolé ṣọ́ ọ. Ìkéde náà sọ pé òfin ọdún 2007 lórí ọjà rírà àti iṣẹ́ gbígbé jáde fún ìjọba ni àwọn yóò tẹ̀ lé. Mo tẹ òfin náà jáde, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kò sì sí ohun tí mo ṣe nínú gbogbo iṣẹ́ yìí tó lérè tó ìyẹn.

Ìwé ẹ̀rí ló kọ́kọ́ fẹ́ ká wa lọ́wọ́ kò. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ wà nílẹ̀, ìwé owó orí ọdún mẹ́ta náà sì wà. Ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí owó ìfẹ̀yìntì ti PenCom, ti ITF (àjọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti ti NSITF (àjọ adójútòfò òṣìṣẹ́) máa ń kú ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ lọ́dọọdún, ìkéde tiwa sì jáde nígbà tí ti ọdún tó kọjá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tí gbogbo agbaṣẹ́ṣe Nàìjíríà ń tò níwájú káńtà kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ san ti ITF rí. Òfin sọ pé ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè gbọ́dọ̀ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù wọn lọ́dọọdún, òun sì ní òṣìṣẹ́ méje. Ó kùn títí, ó san gbèsè ẹ̀yìn, a sì gba ìwé náà nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Níbi tí iṣẹ́ gan-an wà ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìwé kánsù kọ nípa ohun tí wọ́n fẹ́ kí a ṣe: kí agbaṣẹ́ṣe máa kó pàǹtí lójoojúmọ́, kí ọjà sì wà ní mímọ́ tónítóní. Kò sọ bí pàǹtí náà ṣe pọ̀ tó, kò sọ iye tíríìpù, kò sì sọ ohun tí ojú wolé-wolé yóò kà sí mímọ́ tónítóní. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fojú díwọ̀n rẹ̀. Mo ní rárá, ẹni tó bá fojú díwọ̀n pàǹtí yóò fi owó ara rẹ̀ kó o.

Òwúrọ̀ mẹ́rin ni mo fi lọ sí ọjà ńlá, méjì sí ọjà kékeré, kí ilẹ̀ tó mọ́, pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo kọ́kọ́ lọ kí Sarkin Kasuwa, olórí ọjà, nítorí pé ẹni tó bá ń rìn káàkiri ọjà ní ìdájí tó ń kọ nǹkan sílẹ̀, wọn yóò pè é ní ọmọ ẹ̀yìn àwọn tó ń gba owó orí. Bàbá náà gbà mí dáadáa, ó sì fi ọmọkùnrin kan tẹ̀ lé mi. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bá àwọn mai bola sọ̀rọ̀, àwọn tó ń fi ọmọlanke kó pàǹtí láti ilé sí ilé. Wọ́n sọ fún mi, láìfi ohunkóhun pamọ́, pé inú ọjà ni àwọn ń da ti ilé sí ní òru. Kò sí ìyẹn nínú ìwé kánsù. Nínú gbogbo òkìtì tí mo wọ̀n, mo gbà pé ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin tí kì í ṣe ti ọjà rárá.

Ìyá Ìlọrin kan wà tó ń ta ata àti tòmátò lẹ́bàá ibi tí òkìtì náà wà. Ó wò mí títí, ó ní: “Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀rùn lò ń rí yìí o. Dúró dé ìgbà máńgòrò, kí o tún dúró dé ìgbà àgbàdo, kí o wá padà wá kà á.” Òun ló là mí lójú pé oríṣi ẹrù méjì ni pàǹtí ọjà. Tòmátò máa ń ti òkè Àríwá wá nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi koríko tẹ́. Bó bá jẹrà, koríko náà mu omi rẹ̀, apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sì lè mú kí típà tẹ̀. Èèpo àgbàdo ní tirẹ̀ kò wúwo, ṣùgbọ́n ó máa ń kún ọkọ̀ kí ọkọ̀ tó rù. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n kìlógíráàmù ṣírò yóò jìn sí kòtò ní ìgbà àgbàdo, ẹni tó bá sì fi gíga òkìtì ṣírò, ìdí ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ní ìgbà tòmátò. Nítorí náà, tíríìpù ni mo fi ṣe òdiwọ̀n: mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ fún ọjà ńlá ní ẹ̀ẹ̀rùn, márùn-ún fún èkejì. Awakọ̀ kan tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí sọ pé láti oṣù Igbe títí dé oṣù Ògún, kí n má kà á sí ohun tó dín ní mẹ́tàlá.

Ìwé kánsù fún àwọn olùdíje láyè láti bi ìbéèrè nípa lẹ́tà títí di ọjọ́ kan pàtó. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta: ṣé iye owó kan náà ni wọn yóò máa san lóṣù bí pàǹtí bá tilẹ̀ pọ̀ sí i, ta ni yóò ru ẹrù tí àwọn mai bola ń dà sínú ọjà, ààtàn wo sì ni a ó máa gbé e lọ, nítorí pé bí ènìyàn bá gbọ́ pàǹtí ní Àbújá, ààtàn ńlá Gosa ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ, ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn sí wa. Ìdáhùn dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó sì dára ju bí mo ṣe retí lọ. Wọ́n dárúkọ ààtàn kan tó sún mọ́ wa. Wọ́n ní owó oṣù kò ní yí padà fún tíríìpù mẹ́wàá lọ́sẹ̀ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí olùdíje kọ iye owó tíríìpù kọ̀ọ̀kan tó bá lé sórí rẹ̀ sọ́tọ̀, wolé-wolé ni yóò sì máa fọwọ́ sí i. Ní ti mai bola, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi bínú nígbà tó rí i pé gbogbo olùdíje ni wọ́n fi ìdáhùn náà ránṣẹ́ sí. Ó ní ọgbọ́n wa ni wọ́n pín fún ayé. Mo ṣàlàyé fún un pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, àti pé bí wọ́n bá dá wa nìkan lóhùn, iṣẹ́ tí a bá gbà kò ní fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Iye owó ni mo wá ṣe. Mo ka òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí yóò máa gbá, tí yóò sì máa rù, ní 70,000 náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí òfin ọdún 2024 fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ. 420,000 nìyẹn lóṣù kí a tó dárúkọ awakọ̀. Dísẹ̀lì, táyà, adójútòfò, ìbọ̀wọ́, bàtà rọ́bà, ṣọ́bìrì, owó ẹnu ọ̀nà ààtàn àti owó àtúnṣe ọkọ̀ tẹ̀ lé e, mo sì kọ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ti owó orí ọjà sọ́tọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo tún ìṣírò náà wò ní òru, mo sì rí àṣìṣe tí ì bá ti jẹ èrè wa tán. Mo ti fi tíríìpù mẹ́wàá lọ́sẹ̀ lọ́nà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, mo tún fi lọ́nà oṣù méjìlá, ó fún mi ní 480. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún. Tíríìpù 520 ni, ogójì sì ni mo fẹ́ fi ṣe sàárà fún kánsù láìmọ̀. Mo mọ agbaṣẹ́ṣe méjì tó ti ṣe irú àṣìṣe yìí, kò sì sí èyí tó mọ ibi tí owó rẹ̀ gbà jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹnì kan tí òun náà ń díje pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ó ní kí a gbé owó tiwa ga lórí ọjà kékeré, òun yóò gbé tirẹ̀ ga lórí ọjà ńlá, kálukú a sì mú ọ̀kan. Mo ka abala 58 òfin ọdún 2007 náà sí ẹ̀gbọ́n mi létí: ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, láìsí àyè owó ìtanràn. Kò gbé ìpè náà mọ́.

Àpòòwé méjì ni a fi sínú ọ̀kan ńlá tí a lẹ̀ pa, ọ̀kan fún ìwé ẹ̀rí, ọ̀kan fún iye owó. Wọ́n ṣí ti ìwé ẹ̀rí ní kété tí àsìkò pé, lójú gbogbo wa, ilé-iṣẹ́ kan sì já níbẹ̀ nítorí ìwé PenCom tó ti kú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ti owó, tí wọ́n sì ń ka iye kọ̀ọ̀kan sókè. A gba ọjà ńlá. A pàdánù ọjà kékeré sọ́wọ́ ẹni tó fi owó díẹ̀ dín sí tiwa.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kí a kọ ìwé ẹ̀sùn. Abala 54 fún wa ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti kọ̀wé sí ọ̀gá tó ń ṣe àkóso owó kánsù. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, a lè gbé e lọ sí BPP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣọ́ bí ìjọba ṣe ń gbé iṣẹ́ jáde, kí a sì parí rẹ̀ sí ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀. Mo ní ta ni a fẹ́ fẹ̀sùn kàn, ẹ̀sùn wo sì ni? Ìwé ẹni náà pé, owó rẹ̀ kéré. Ẹni tí wọ́n fi owó lù kì í ṣe ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn nínú.

Lórí ìwé àdéhùn ni èmi náà ti ṣìnà. Òfin ọdún 2007 náà gba kánsù láyè láti san tó ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ṣáájú, bí agbaṣẹ́ṣe bá mú ìwé onídùúró wá láti báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò, ṣùgbọ́n báńkì wa fẹ́ kí a kọ́kọ́ kó iye owó náà kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn, a sì fi owó ara wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Òkúdu. Mo tẹjú mọ́ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ìjìyà àti òdiwọ̀n ìmọ́tótó. Ojú mi kò dé ibì kan. Abala 37 sọ pé owó tó bá lé ní ọgọ́ta ọjọ́ láti ìgbà tí a ti fi ìwé owó sílẹ̀ ti pẹ́, èlé sì gbọ́dọ̀ gorí rẹ̀, ní iye tí ìwé àdéhùn bá sọ. Nínú ìwé tiwa, ibi tó yẹ kí wọ́n kọ iye èlé náà sí ṣófo, èmi sì fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Owó oṣù àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ 71. Nígbà tí mo bèèrè èlé, lọ́yà kánsù fi ibi tó ṣófo náà hàn mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.

A ti kọ̀wé pé kí wọ́n ṣe ìwé àfikún tí yóò dí ibẹ̀. Orí tábìlì lọ́yà náà ló ṣì wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Ní òwúrọ̀ òní, ní ẹnu ọ̀nà ọjà, wolé-wolé fọwọ́ sí ìwé tíríìpù ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún un, ọ̀kan fún ẹ̀ka owó kánsù, ọ̀kan fún mi. Mẹ́rìnlá ni. Ìyá Ìlọrin ní èèpo àgbàdo kò tíì bẹ̀rẹ̀.