Bí ẹ ṣe máa gba òṣìṣẹ́, tí ẹ sì máa yọ òṣìṣẹ́, láì dá ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí sílẹ̀

Inú ìkéde iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní Kútọ̀ tàbí Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta: "A ń wá ọmọbìnrin tó rẹwà, tí kò tíì lọ́kọ, Kìrìsìtẹ́nì, ọmọ Ẹ̀gbá." Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀ tó kan iṣẹ́ tí ẹni náà fẹ́ wá ṣe. Abala 42 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ti lòdì sí kí wọ́n máa fi ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ẹ̀sìn tàbí èrò òṣèlú dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe kẹta sí ìwé òfin náà, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2010, ló gbé ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí lẹ́nu iṣẹ́ lé National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ yìí láṣẹ láti lo àdéhùn àgbáyé tí orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí, irú bí àdéhùn 111 ti ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, lórí ìdẹ́yẹsí, tí a fọwọ́ sí ní 2002.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ìkéde, iṣẹ́ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. "A ń wá ẹni tó lè dúró ti káúńtà láti aago 8 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́, tó mọ POS lò, tó mọ owó kà, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa." Ẹ lè béèrè pé kó gbọ́ Yorùbá tó bá jẹ́ pé èdè tí àwọn oníbàárà ń sọ nìyẹn. Pé kó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọmọ Ígbò tí wọ́n bí sí Adátán lè gbọ́ ọ ju ọmọ yín lọ.

Ọjọ́ ìntáfíù, ẹ tẹ ìbéèrè márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí ìwé, kẹ́ ẹ bi gbogbo wọn ní nǹkan kan náà, kẹ́ ẹ fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì lójú ẹsẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ká mọ ọmọ ẹni tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí "Ọmọ ta ni ẹ́?" àti "Ìjọ wo lò ń lọ?" fi máa ń bọ́ lẹ́nu wa. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá gbà á tán. Ẹ má sì béèrè ìgbà tó fẹ́ bímọ. Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ló ń kọ yín lóminú, ẹ bi ọkùnrin àti obìnrin bákan náà pé: "Ṣé ẹ lè wá ní Sátidé, aago méje àárọ̀?" Ẹ kó àwọn ìwé máàkì náà pa mọ́ fún ọdún kan ó kéré tán, nítorí òun lẹ máa fi hàn bí ẹnì kan bá ní ẹ kò gba òun nítorí ẹ̀sìn òun.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣàyẹ̀wò HIV kí ẹ tó gbà á. Òfin ọdún 2014 lórí HIV ti kà á léèwọ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ bá wọlé, Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní kẹ́ ẹ ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀, wákàtí rẹ̀ àti bí ìfiṣẹ́sílẹ̀ ṣe máa rí.

Ọ̀rọ̀ aláboyún ló ń kó àwọn agbanisíṣẹ́ sí wàhálà jù. Abala 54 Labour Act sọ pé tó bá mú ìwé dókítà wá pé ó ṣeé ṣe kó bímọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ sílé. Lẹ́yìn tó bá bímọ, ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, òun ì báà tilẹ̀ fẹ́. Tó bá ti lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ yín kó tó lọ, owó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdajì: ẹni tó ń gba ₦80,000 lóṣù, ₦40,000 ló kéré jù. Tó bá padà dé, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ kò lè kọ ìwé ìyọniníṣẹ́ sí i nígbà tó wà ní ìsinmi ìbímọ. Ohun tó sì wọ́pọ̀ ni pé wọn kì í yọ ọ́; wọ́n á gbé ipò rẹ̀ fún ẹlòmíràn, wọ́n á wá ní kó máa gbálẹ̀ nígbà tó bá dé. Adájọ́ lè rí ìyẹn bí ìyọniníṣẹ́ tí wọ́n dà aṣọ bò. Òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àti akọ̀wé ni Labour Act dìídì ń bá wí, mánijà kò sí níbẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ náà ń lọ sí National Industrial Court.

Òfin tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, sọ pé tí iléeṣẹ́ bá dẹ́yẹ sí ẹni tó yẹ fún iṣẹ́ nítorí àìlera rẹ̀, ₦500,000 ló kéré jù tí iléeṣẹ́ máa san fún un, ọ̀gá tó lọ́wọ́ sí i á sì san ₦50,000. Tí ọ́fíìsì yín bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ ṣe ìntáfíù nísàlẹ̀. Ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ bí ẹnikẹ́ni, tí tábìlì bá ti wà ní ìwọ̀n tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Ẹ bi í pé: "Kí lẹ máa nílò láti ṣe iṣẹ́ yìí?" Ọ̀pọ̀ ìgbà, nǹkan tí kò wọ́n ni yóò dárúkọ.

Ní ti ìfìtínà ìbálòpọ̀, ẹ yan èèyàn méjì tí wọ́n lè fẹjọ́ sùn, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Kí wọ́n kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ ẹni tó rí i sílẹ̀. Ẹ má kó àwọn àgbà jọ láti wá bẹ ẹni tó fẹjọ́ sùn pé kó fọwọ́ wọ́nú, ẹ má sì gbé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá pọn dandan, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ni kẹ́ ẹ gbé. Ní 2013, National Industrial Court ní kí wọ́n san ju mílíọ̀nù 13 náírà fún òṣìṣẹ́bìnrin kan nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ yọ òṣìṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo fáìlì ẹlòmíràn tó ti ṣe irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn rí. Bí awakọ̀ méjì bá pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ kìlọ̀ fún ọ̀kan tí ẹ sì lé èkejì tó jẹ́ Mùsùlùmí, kí lẹ máa sọ fún adájọ́? Ìkìlọ̀ ní láti wà lórí ìwé, pẹ̀lú ọjọ́, kí òṣìṣẹ́ sì buwọ́ lù ú. Àkókò ìfitónilétí kò gbọ́dọ̀ dín sí èyí: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan títí dé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì títí dé ọdún márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí gbogbo owó rẹ̀ sì ti wọlé kí àkókò náà tó pé.