Táyà bárò tó ń jò, tí ẹnu rẹ̀ sì sá wọnú ríìmù

Bí ẹ bá dé ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin láàárọ̀, ẹ máa rí bárò tó ń kó ata àti tòmátì kọjá, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹ wo táyà wọn. Ẹ ò ní pẹ́ rí èyí tó ti pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ènìyàn jókòó lé. Ẹni tó ń tì í á máa làágùn, á ní ẹrù ló wúwo.

Irú táyà kékeré bẹ́ẹ̀, èyí tí kò ní túùbù nínú, tí àwọn fọ́kànáísà ń pè ní túbúlẹ́ẹ̀sì, ni mo fẹ́ kí a tún ṣe lónìí. Kì í ṣe bárò nìkan ló ń lò ó. Ó wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ agékoríko àti ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tì. Bí ó bá ń jò, ẹ má tíì fẹ̀sùn kan ìṣó. Ẹ kọ́kọ́ fura sí ẹnu tí a ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sí i, àti ètè táyà níbi tó ti fara mọ́ ríìmù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sanwó àlẹ̀mọ́ lórí bárò tèmi kí n tó mọ̀ pé pín inú ẹnu rẹ̀ ló kàn dẹ̀.

Ẹ fẹ́ táyà náà dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; lẹ́tà PSI ló máa ń tẹ̀ lé nọ́ńbà náà. Ti bárò sábà máa ń wà ní bí 30. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ ọ́, ẹ rì í sínú ọpọ́n ìfọṣọ, kí ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Àǹfààní pé ó kéré nìyẹn, táyà mọ́tò ò ṣeé rì bẹ́ẹ̀. Bí kò bá ṣeé yọ, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí á fi hó, kí ẹ fi kànìnkàn pa á mọ́ ẹnu, ìdí ẹnu, ètè méjèèjì, kí ẹ tó wá kan ojú tó ń tẹlẹ̀. Ẹ ní sùúrù, torí ihò mìíràn lè lò tó ìṣẹ́jú kan kí ìfófòó rẹ̀ tó yọ. Ní ti ẹnu, itọ́ lásán tó. Ẹ fi ìka tọ́ ọ sí i lórí bí àwọn fọ́kànáísà ṣe ń ṣe. Bí itọ́ náà bá wú, pín ló ń jò.

Pín ni irin tín-ín-rín tó wà nínú ẹnu náà. Ó ní tẹ́ẹ̀dì bíi bóòtù. Ìdérí onírin kan wà tí orí rẹ̀ là sí méjì, òun ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ yí i sọ́tùn-ún kí ó mú, ẹ má fi tagbára-tagbára. Bí ó bá ṣì ń jò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ọdún 1893 ni wọ́n ti gba ìwé ẹ̀tọ́ irú ẹnu yìí, tí wọ́n ń pè ní Schrader, ní Amẹ́ríkà, títí di òní, pín ti mọ́tò, ti ọ̀kadà àti ti bárò, ọ̀kan náà ni. Nítorí náà, pín táyà mọ́tò tó ti kú kì í ṣe ohun àdànù. Agolo mílíìkì ni mo ń kó tèmi sí.

Ẹnu tí ọwọ́ ò tó ló ń bí ènìyàn nínú jù. Ríìmù kéré, ìdí rẹ̀ tó gba áàsù kọjá ti gba gbogbo àyè, orí pọ́ǹpù ò wọlé. Bí ẹ bá sì fi pọ́ǹpù tì í, rọ́bà ẹnu á sá padà sínú. Ẹ kọ́kọ́ yí táyà títí ẹnu á fi bọ́ síbi tí irin bárò ò dí i. Ẹ wé àkísà mọ́ ọn, ẹ fi ẹ̀mú mú un jẹ́jẹ́, ẹ fà á síta, kí ẹlòmíràn fi pọ́ǹpù sí i. Ẹ má di ẹ̀mú mọ́ tẹ́ẹ̀dì o; bí ó bá ti tẹ̀, ìdérí ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Èyí tó bá ti jìn sínú pátápátá, ẹ tẹ ètè táyà kúrò lára ríìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ti ọwọ́ bọ inú, kí ẹ tì í jáde.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni rọ́bà kékeré kan tó ní tẹ́ẹ̀dì lórí méjèèjì. Ìka lásán lẹ máa fi yí i mọ́ ẹnu, ẹ ó wá fẹ́ atẹ́gùn láti orí kejì lórí ìdúró. Bí ẹ bá ti fẹ́ ẹ tán, ẹ yọ ọ́. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á máa gbá irin bárò bí táyà bá ṣe ń yí, ìjò tuntun á dé.

Ẹ tẹ ẹnu náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Oòrùn ti sán òmíràn débi pé ó ti là. Kò sí àtúnṣe, àfi kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kúrú ni TR412, èyí tó gùn díẹ̀ ni TR413, ihò mílímítà 11.5 ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Bí irin bá ń gbá ẹnu, ẹ mú TR412. Bí ọwọ́ ò bá tó o, ẹ mú TR413. Onírin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́ náà wà, ó dára fún ríìmù tó há. Ẹ yọ pín kí gbogbo atẹ́gùn jáde, ẹ tú ètè, ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ẹnu àtijọ́ láti inú. Ẹ nu ihò, ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹnu tuntun, ẹ ti inú fà á síta. Bí ẹ ò bá ní irin tí wọ́n fi ń fà á, ẹ de ìdérí onírin mọ́ ọn, kí ẹ̀mú di ìdérí náà mú. Ẹ máa fà á ní gbọọrọ títí á fi ró pó, tí ìdí rẹ̀ á sì jókòó yíká.

Bí ẹ bá rí ríìmù tí wọ́n fi bóòtù so ìlàjì méjì pọ̀, irú ti kẹ̀kẹ́ Máruwá, ẹ má fọwọ́ kan bóòtù náà tí atẹ́gùn bá ṣì wà nínú rẹ̀. Ó lè pa ènìyàn.

Bí ó bá jẹ́ ètè ló ń jò, ìpata ríìmù ni ẹ máa wá. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti sáńpépà ha á títí á fi dán, ẹ nu ún, ẹ fi omi ọṣẹ pa ètè. Ẹ má fi ọ́ìlì pa á, ó ń ba rọ́bà jẹ́. Iṣẹ́ tó kù ni bí ètè á ṣe padà mú ríìmù, torí atẹ́gùn á máa sá jáde bí ẹ bá ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹ so okùn yí àárín ojú táyà ká, ẹ ki igi bọ̀ ọ́, ẹ lọ́ ọ. Okùn á fún ìbàdí táyà, ètè méjèèjì á là síta, wọ́n á fara kan ríìmù. Ẹ wá máa fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti ń mú, ẹ tú okùn kíá, kí ẹ máa fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ pá, pá. Mo ti rí ẹni tó da bẹntiróò sínú rẹ̀ tó ṣáná sí i. Ètè mú lóòótọ́, ṣùgbọ́n irun ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ ńlá àwọn fọ́kànáísà máa ń kún táyà kékeré lójú ẹsẹ̀, ó sì lè bẹ́. Ẹ ní kí wọ́n fẹ́ ẹ ní wìn-ìn wìn-ìn, kí ẹ sì gbé ojú yín kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀gún oko, irú èyí tí bárò tó ń ru iṣu jáde lọ́nà Ọ̀fà máa ń tẹ̀, ìyẹn rọrùn: ẹ lẹ̀ ẹ́ láti inú. Àlẹ̀mọ́ tí wọ́n ń ki bọ ojú táyà mọ́tò ò dúró dáadáa nínú táyà tó fẹ́lẹ́ báyìí.

Fọ́kànáísà lè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n kúkú fi túùbù sí i." Ẹ má bínú sí i. Bí ríìmù bá ti jẹ tó lu, ó tọ̀nà. Kí ó wá túùbù tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ jẹ́ kí ó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ru ẹrù. Géèjì fúnra rẹ̀ ń jí atẹ́gùn díẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi wọ̀n ọ́n, táyà kékeré sì máa ń mọ̀ ọ́n lára. Lásìkò ọyẹ́, bí òtútù òwúrọ̀ bá fi bíi ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì 6 lọ sílẹ̀ sí ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ, PSI 1 lè lọ láìsí ìjò kankan. Bí ó bá fi ju PSI 3 lọ sílẹ̀, ẹ tún gbé ọpọ́n wá.