Bí Mo Ṣe Gba Aṣọ Mọ́ńkì Ẹlẹ́sìn Búdà Pẹ̀lú Àìsàn Ọpọlọ

Ọdún 2009 ni àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní bipolar kọ́kọ́ mú mi ní Abẹ́òkúta. Odidi ọjọ́ márùn-ún ni n kò fi sùn, tí mo ń sọ̀rọ̀ láìmí, tí mo sì ń pín owó oṣù mi fún àwọn ọlọ́kadà, kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn Àrò. Àtìgbà náà ni mo ti ń lo oògùn tó ń jẹ́ lithium, àtìgbà náà sì ni ìyá mi ti ń ṣọ́ oorun mi. Nítorí náà, nígbà tí mo pè wọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2015 pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí n fá orí, kí n máa ró aṣọ kan náà lójoojúmọ́, kí n sì máa jẹ kìkì ohun tí ènìyàn bá fún mi, wọ́n dákẹ́ pẹ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti lo oògùn rẹ lónìí?"

N kò lè bínú sí wọn. Lójú tiwa, ẹni tó filé sílẹ̀, tó fárí kodoro, tó ń gba oúnjẹ kiri, orúkọ kan ṣoṣo ló ní. Bhikkhu tí wọ́n ń pe mọ́ńkì ní Páálì, èdè ìwé mímọ́ ẹlẹ́sìn Búdà, kò tún ràn mí lọ́wọ́, nítorí kò sí etí Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní gbọ́ ikú nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyọ̀ǹda òbí wà lára ohun tí wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gba ènìyàn wọlé.

Ilé tí mo lọ wà ní gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà inú igbó ti Ajahn Chah, mọ́ńkì ará Táílàǹdì, ni wọ́n ń tẹ̀lé, èyí tí Ajahn Sumedho, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ará Amẹ́ríkà, mú dé Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1977. Ènìyàn yóò kọ́kọ́ wọ funfun pẹ̀lú òfin mẹ́jọ, yóò di sámánérà, ìyẹn mọ́ńkì tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú òfin mẹ́wàá, kó tó gba òfin 227 ti mọ́ńkì gan-an.

Mo ti kà á pé àìsàn márùn-ún ni wọ́n ń béèrè lọ́jọ́ ìgbàwọlé: ẹ̀tẹ̀, eéwo, àrùn awọ ara, ikọ́ ife àti wárápá. Nígbà ayé Búdà, àrùn wọ̀nyí gbòde ní Magadha, ìjọba kan ní Íńdíà, àwọn kan sì ń di mọ́ńkì kìkì kí Jīvaka, oníṣègùn ọba, lè tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tí ara wọn bá sì yá, wọ́n á bọ́ aṣọ sílẹ̀. Jīvaka ló bẹ Búdà pé kó má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba àwọn tó ní àrùn wọ̀nyí wọlé mọ́. Àìsàn tèmi kò sí nínú márààrún, ohun tó sì kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n pa ẹnu mọ́.

N kò lè ṣe é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún mọ́ńkì àgbà tó jẹ́ olórí ilé náà. Ó béèrè lẹ́tà dókítà, ó sì béèrè ohun tí àwọn ará ilé mi kọ́kọ́ máa ń rí bí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ní oorun ni. Ó wá sọ ìtàn mọ́ńkì kan fún mi, Gagga, tí orí rẹ̀ dàrú, tó jẹ́ pé nígbà mìíràn ó máa ń rántí wá sí ìpàdé tí àwọn mọ́ńkì ti ń ka òfin wọn, nígbà mìíràn kò ní rántí. Ìpinnu tí Búdà ní kí wọ́n ṣe lórí rẹ̀ ni pé, ó wá o, kò wá o, kí iṣẹ́ ìpàdé náà dúró. Wọn kò lé e.

Síbẹ̀, nígbà tí mo ń wọ funfun, àlejò kan sọ fún mi pé oògùn kò ní jẹ́ kí ọkàn rì wọ inú àṣàrò, mo sì dín tèmi kù sí ìdajì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ni mo ń sùn, mo sì rò pé ìmọ̀ ló ń ṣí. Aago méjì òru ni wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìkòkò tó ti mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni èyí dá mi dúró, n kò sì rí ẹni tó ti ṣàìsàn yìí rí tó fún ènìyàn ní irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni a jọ ṣe àdéhùn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo gbọ́dọ̀ sùn, kódà lálẹ́ òṣùpá tí àwọn yòókù ń jókòó di ọ̀gànjọ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Bí omi tàbí iyọ̀ bá dín lára, lithium á pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èmi tí mo ń jẹun lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ kò gbọdọ̀ fi omi ṣeré. Mọ́ńkì kì í jẹun lẹ́yìn ọ̀sán, ṣùgbọ́n oògùn lẹ́yìn ọ̀sán kò lòdì sófin. Iyọ̀ pàápàá wà lára oògùn tí mọ́ńkì lè tọ́jú pa mọ́ títí ayé, iyọ̀ sì ni lithium carbonate fúnra rẹ̀.

Oṣù keje ọdún 2019 ni wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí wọ́n bi mí ní àìsàn márùn-ún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo ń dáhùn pé, "Natthi, bhante," kò sí, ọ̀gá. Nígbà tó kan ti òbí, mo ní, "Āma, bhante," bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti yọ̀ǹda. Ọdún kan ṣáájú ni ìyá mi ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Mo yọ̀ǹda rẹ, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o máa sùn." Wọ́n ké ìkéde ìgbàwọlé mi lẹ́ẹ̀mẹta, ìpàdé dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì ni ìfọwọ́sí. Nígbà tí wọ́n wá ń ka ohun mẹ́rin tí mọ́ńkì gbọ́dọ̀ gbára lé, tí wọ́n dé orí ìtọ̀ màálù gẹ́gẹ́ bí oògùn, díẹ̀ ló kù kí n rẹ́rìn-ín, torí òun náà ni ìyá àgbà ń rọ sí wa lẹ́nu fún giri.

Yàtọ̀ sí omi àti igi ìfọyín, mọ́ńkì kò gbọdọ̀ fi ohun tí a kò fi lé e lọ́wọ́ sẹ́nu. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án lù lálẹ́ ọjọ́ náà, ike oògùn tí mo ti ń fi ọwọ́ ara mi ṣí láti ọdún mẹ́wàá wà lórí pẹpẹ níwájú mi, mo sì dúró títí ọ̀dọ́mọkùnrin aláṣọ funfun kan fi wá kúnlẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Mo gba á, mo fi omi gbé méjì mì, mo sì lọ sùn.