Bí Mo Ṣe Tún Hilux Àtijọ́ Ṣe Kó Lè Máa Fa Ẹrù Kánópì

Àga àti kánópì ni mò ń yá àwọn èèyàn ní Báríga. Tírélà kékeré onítáyà méjì tí mò ń so mọ́ ẹ̀yìn Hilux mi ló ń kó wọn lọ síbi ìnáwó. Nígbà tí mo ra Hilux náà, ẹ́ńjìnnì ni mo kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó kú á dá yín dúró lójú títì; búréèkì tó kọ̀ lè gbẹ̀mí èèyàn.

Ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù kékeré máa kan ṣaasí, ìyẹn irin tó gbé ara ọkọ̀ ró, láti iwájú dé ẹ̀yìn, torí afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń jẹ irin. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti dípẹtà nínú á dún gbùù. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun abẹ́ rẹ̀ ní ọ̀dà dúdú, ẹ ha á kẹ́ ẹ tó sanwó. Ara ṣaasí yìí ni kí wẹ́dà fi bóòtù de ìkọ́ tírélà mọ́, kì í ṣe ara bọ́ńpà.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ lórí Third Mainland sí Adéníji pẹ̀lú ẹrù, mo tẹ búréèkì, ẹsẹ̀ mi wọlẹ̀ lọ. Gíà ni mo já wálẹ̀ tí ọkọ̀ fi rọra dúró. Ọ́ìlì búréèkì tó ti pẹ́ ló fà á: ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bí búréèkì bá sì gbóná, omi náà á hó, ẹsẹ̀ ò ní rí nǹkan tẹ̀ mọ́. Ẹ tú u dànù, ẹ da tuntun sí i, kí wọ́n sì fa afẹ́fẹ́ jáde nínú búréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ládìípọ̀ ni mo ti ra búréèkì ẹ̀yìn, tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀.

Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó wà lára táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹ fọ rédíétọ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé iná ẹ̀yìn tírélà ń tàn.

Bí ẹ bá ń di ẹrù sínú tírélà, ẹrù tó wúwo ni kó sún mọ́ iwájú táyà. Tí tírélà pẹ̀lú ẹrù bá jẹ́ kílò 800, kílò 80 sí 120 ló yẹ kó tẹ ìkọ́. Bó bá kéré sí i, tírélà á máa jù síbí jù sọ́hùn-ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ gbé ọkọ̀ jáde lófìfo, kẹ́ ẹ tẹ búréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá fà sápá kan, ẹ padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.