Bí olùtọ́jú láíbìrì ṣe ń mú ọmọ ilé-ìwé gírámà mọ ìwé, tó sì ń mú wọn mọ ènìyàn

Iṣẹ́ olùtọ́jú láíbìrì ní ilé-ìwé gírámà kì í ṣe ṣíṣọ́ ìwé. Bí ìwé bá wà lórí pẹpẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, ikán àti eruku nìkan ló ń jẹ èrè rẹ̀. Iṣẹ́ náà gan-an ni pé kí a mọ ọmọ, kí a mọ ìwé, kí a sì jẹ́ kí àwọn méjèèjì pàdé. Lẹ́yìn náà, kí a mú ọmọ tó ka ìwé náà lọ bá ẹlòmíràn tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ilé-ìwé tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ní ìlú bí Èpè, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ti ilé-ìwé lọ bá ìyá wọn lọ́jà tàbí bàbá wọn létí ọ̀sà.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nílẹ̀

Kí ọmọ kankan tó wọlé, ẹ kó gbogbo ìwé sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó dára, èyí tó ń fẹ́ àtúnṣe, àti èyí tí kò wúlò mọ́. Ìwé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ó máa ń dun ni, pàápàá tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n fi ta ilé-ìwé lọ́rẹ, ṣùgbọ́n ogún ìwé tó dára tí ojú ọmọ tètè rí sàn ju igba tó ti bu lọ. Ẹ rántí pé ìlú ẹ̀bá ọ̀sà ni Èpè, ọ̀rinrin pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí pẹpẹ fara kan ògiri, ẹ máa ṣí fèrèsé tí òjò kò bá rọ̀, ìwé tó bá sì tutù, ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí ẹ sá a sí. Oòrùn gangan máa ń ká abala ìwé kò.

Láti ọdún 1876 tí Melvil Dewey, ará Amẹ́ríkà, ti gbé ètò nọ́ńbà rẹ̀ jáde ni ọ̀pọ̀ láíbìrì ti ń fi í to ìwé. Ẹ lò ó, àmọ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ nọ́ńbà náà: 398 fún àlọ́ àti òwe, 639 fún ẹja pípa àti ẹja sísìn, 641 fún oúnjẹ sísè, 796 fún eré ìdárayá, 966.9 fún ìtàn Nàìjíríà. Ọmọ tó bá rí i pé iṣẹ́ ẹja tí bàbá òun ń ṣe ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú láíbìrì yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ilé àjèjì.

2. Ẹ bi ọmọ léèrè nípa ayé rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ ìwé

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ìbéèrè tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ọmọ lẹ́nu ni "Irú ìwé wo lo fẹ́?" Ọmọ tí kò tíì ka ìwé kan parí rí kò lè mọ ìdáhùn rẹ̀. Yóò ní, "Èyí tó bá ṣáà ti wà, mà," yóò gba ohun tí ẹ bá nà sí i, kò sì ní ṣí i. Ẹ gba ọ̀nà mìíràn:

"Kí lo máa ń ṣe tí o bá délé?"

"Mo máa ń bá màámi yan ẹja, mà."

"Ta ló máa ń pìtàn tí ẹ bá ń yan án?"

"Màmá àgbà ni, mà. Ìtàn iwin ni wọ́n fẹ́ràn jù."

"Èwo ló dẹ́rù bà ọ́ jù nínú rẹ̀?"

Ọ̀nà mẹ́ta ti là báyìí: ìwé nípa ẹja yíyan àti òwò, ìwé àlọ́ tàbí ìtàn iwin, àti ìtàn àròsọ nípa ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́. Ẹ mú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Ìwé mẹ́ta ni kí ẹ gbé síwájú rẹ̀, torí pé bí ẹ bá gbé ẹyọ kan, àṣẹ ni yóò kà á sí. Ẹ sọ gbólóhùn méjì péré nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dákẹ́ níbi tó ti fẹ́ máa dùn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀.

Láti mọ̀ bóyá ìwé náà le jù fún un, ẹ ní kí ó ṣí ojú ìwé kan láàárín, kí ó ka ìka ọwọ́ kan fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí kò yé e. Bí ìka bá pé márùn-ún kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ẹ bá a wá òmíràn, ẹ má sì ṣe é níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkàn rẹ̀ bá fà sí èyí tó le yìí, ẹ fún un. Mo ti rí i pé ìfẹ́ máa ń gbé ọmọ kọjá ọ̀rọ̀ tí kò yé e.

Ẹ sọ fún un pé bí kò bá gbádùn ìwé náà, kí ó dá a padà ní ọ̀la, ẹnikẹ́ni kò ní bi í pé kí ló dé. Àwọn olùkọ́ kan kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n ní àìforítì ni. Èmi gbà pé ọmọ tí a fipá mú ka ìwé kan tán máa ń kórìíra mẹ́wàá tó kù. S. R. Ranganathan, olùtọ́jú láíbìrì ará Íńdíà tó ti kọ́kọ́ jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, kọ òfin márùn-ún fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 1931. Méjì nínú wọn ni pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní òǹkàwé tirẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa wá a títí ẹ ó fi rí i.

Ọ̀rọ̀ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì ń há lọ́fun, ẹ fún un ní ìwé Yorùbá, tàbí ìwé ìròyìn Aláròyé, kí ó lè mọ adùn kí ènìyàn kàwé láìdúró. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n máa jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí láíbìrì jẹ́ ibi tí ọmọ ti lè fi èdè ilé rẹ̀ sọ ohun tó kà, ìbáà jẹ́ Ìjẹ̀bú ló ń fọ̀.

3. Ẹ jẹ́ kí yíyá ìwé rọrùn

Ìwé àjákọ ńlá kan tó: orúkọ, kíláàsì, orúkọ ìwé, ọjọ́ tó yá a, ọjọ́ tí yóò dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì dára. Ẹ má gba owó ìtanràn. Ọmọ tí kò ní owó náà kò ní dá ìwé padà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní wá mọ́. Èyí tó bá ya ìwé tàbí tó sọ ọ́ nù, ẹ jẹ́ kí ó wá bá yín fi gọ́ọ̀mù lẹ òmíràn tó ti já.

4. Ẹ mú òǹkàwé mọ òǹkàwé

Ẹ lẹ abala funfun kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kà á tán yóò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo síbẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀: "Má ka orí keje ní alẹ́." "Bàbá yẹn kò dára, dúró kí o rí i." Láìpẹ́, àwọn ọmọ á máa wá ìwé tí abala rẹ̀ kún, wọ́n á sì máa béèrè ẹni tó kọ èyí tàbí ìyẹn. Bí ẹ bá ti gbọ́ ìbéèrè yẹn, ẹ pe àwọn méjèèjì jọ. Ọmọ JSS 2 kan àti ọmọ SS 1 kan tí wọn kì í kí ara wọn tẹ́lẹ̀ lè ti ibẹ̀ di ọ̀rẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ ìkàwé. Ẹ má jẹ́ kó ju ọmọ mẹ́jọ lọ, kí ọ̀rọ̀ lè kan gbogbo wọn. Ẹ yan ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ran ìyá wọn lọ́wọ́ lọ́jà, kí ẹ sì bi wọ́n kí ẹ tó fi ọjọ́ sí i. Bí ìwé náà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ kà á sókè fún wọn, ojú ìwé mélòó kan lọ́sẹ̀. Ọmọ tó ti dàgbà náà ń gbádùn kí a kàwé sí òun létí. Ẹ má bi wọ́n ní ìbéèrè ìdánwò. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí ẹ̀yin náà kò mọ ìdáhùn rẹ̀: "Bó bá jẹ́ ìwọ ni, ṣé wàá padà sílé?" Kí ẹ sì gbọ́ wọn dé òpin.

Bí ẹ bá mọ olùtọ́jú láíbìrì kan ní Ìkòròdú tàbí Àgbádárìgì, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ méjèèjì ka ìwé kan náà kí wọ́n sì máa kọ lẹ́tà síra wọn. Ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ ka lẹ́tà náà. Kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà fóònù tàbí àdírẹ́sì ilé nínú rẹ̀.

5. Ẹ pe àwọn tó ní ìtàn lẹ́nu

Ní Denmark, ní ọdún 2000, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ ètò tí ènìyàn ti lè "yá" ènìyàn bí ẹni yá ìwé: wọn yóò jókòó tì í, wọn yóò bi í ní ìbéèrè nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ní Èpè, kò yẹ kí irú rẹ̀ ṣòro. Ìyá tó ti pẹ́ ní ọjà Olúwo mọ ohun púpọ̀ nípa ẹja tí ìwé kò kọ. Mẹkáníìkì tó ń tún ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe wà nítòsí, nọ́ọ̀sì wà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ náà wà ní ẹ̀ka LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tó wà nílùú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ìlú ṣe àpẹẹrẹ. Ní December 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá kọlu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò. Èpè ni wọ́n wá tẹ̀dó sí. Ní September 1854, òun àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èpè níbí. Ọdún Káyókáyó tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún, ìrántí bíbọ̀ Kòsọ́kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti jó níbẹ̀ láìmọ ohun tó bí i.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ohun tó bá wà ní 966.9 nípa Kòsọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n kọ ìbéèrè sílẹ̀. Ẹ yọ gbogbo èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ pe àgbàlagbà méjì, ọ̀kan láti Èkó Èpè, èkejì láti Ìjẹ̀bú Èpè. Mo tẹnu mọ́ méjì yìí gidigidi. Ẹni tí àwọn baba rẹ̀ bá Kòsọ́kọ́ wá àti ẹni tí àwọn baba rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí ó tó dé lè má pa ìtàn náà bákan náà. Ó yẹ kí ọmọ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ pé ìtàn kan lè ní ẹnu méjì, kí àwọn onítàn méjèèjì sì jókòó pẹ̀lú ọ̀wọ̀ nínú yàrá kan.

Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ sọ fún àwọn òbí, kí ẹ má sì fi àlejò kankan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ láìsí olùkọ́. Ẹ wá owó ọkọ̀ àti omi tútù fún wọn. Kí àwọn ọmọ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n pè wọ́n ní Bàbá àti Màmá bó ṣe yẹ. Kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ tọrọ àyè. Bí wọ́n bá ní "Ẹ má kọ èyí sílẹ̀," ẹ pa fóònù. Àwọn nǹkan kan wà tí ìlú kì í sọ fún gbogbo ènìyàn, kí ọmọ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tó dùn jù bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ méjì-méjì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ohùn náà, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Kí wọ́n gbé e padà lọ kà fún àwọn àgbà náà, kí wọ́n tún ibi tó bá wọ́ ṣe. Ẹ di í pọ̀, ẹ fún un ní èèpo líle, ẹ kọ orúkọ àwọn tó sọ ọ́ àti àwọn tó kọ ọ́ sí i, ẹ kọ 966.9 sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ tò ó sí pẹpẹ bí ìwé yòókù. Ẹ fún àwọn àgbà náà ní ẹ̀dà tiwọn. Ẹ ó rí i pé ìwé yìí ni àwọn ọmọ yóò kọ́kọ́ máa yá.

6. Àwọn olùkọ́, àti ọmọ tí kò wá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó fẹ́ kọ́ni, kí ẹ kó ìwé mẹ́wàá tó bá a mu sínú páálí kan, kí ẹ gbé e lọ sí kíláàsì rẹ̀. Olùkọ́ tó bá rí èyí kì í gbàgbé láíbìrì.

Lóṣooṣù, ẹ ṣí ìwé àjákọ yín, kí ẹ wá orúkọ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń yá ìwé ti mọ ọ̀nà. Àwọn tí kò yá ni iṣẹ́ yín. Ẹ lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ má ránṣẹ́ pè wọ́n bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀.

Nígbà ìsinmi gígùn, ẹ má ti ìwé mọ́lé. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú méjì lọ, kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá wọlé ní September tí ìwé kan kò padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ pe òbí náà. Ẹ béèrè àlàáfíà ilé kí ẹ tó béèrè ìwé.