Bẹ́ẹ ṣe lè sọ ìgbàgbọ́ yín di orin tó máa wọ ará ìjọ lára

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ akọrin wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o. Tí àsìkò ìkórè bá ti ń sún mọ́lé báyìí, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin á máa wá orin tuntun, ohun táwọn èèyàn sì ń bi mi ṣáá ni pé báwo lèèyàn ṣe ń kọ orin tó jẹ́ tiẹ̀ fúnra ẹ̀, tí kì í ṣe èyí tá a gbọ́ lórí YouTube tá a wá ń sín jẹ. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bíìtì. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló rọrùn jù, ẹni tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ á kọ́kọ́ wá ìlù tó dùn, á wá máa wá ọ̀rọ̀ tó máa tì bọ inú ẹ̀, Jésù ṣeun, Jésù tóbi, ó parí nìyẹn. Àwọn èèyàn á jó o, ṣùgbọ́n tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì kò sẹ́ni tó máa rántí ohun tí orin náà sọ, torí ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀yìn díẹ̀, ó wúlò fún ohun tí mò ń bọ̀ wá sọ. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọ̀n táwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892 ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ là dáadáa fáwọn míṣọ́nnárì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ìwé orin tí wọ́n sì gbé wá, ohùn òyìnbó ló pọ̀ nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n tú sí Yorùbá. Àwọn baba wa kọ ọ́ tọkàntọkàn, a ṣì ń kọ ọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn ìnfúlúẹ́ńsà ń pa èèyàn káàkiri, àwọn kan nínú ìjọ St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ tí wọ́n ń gbàdúrà, Joseph Shadare ni aṣáájú wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami náà wà lára wọn tó ń sọ fáwọn èèyàn pé Ọlọ́run máa wo aláìsàn sàn nípa àdúrà. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye nìyẹn. 1922 ni wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, wọ́n sì wà lára gbòǹgbò ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) tá a mọ̀ lónìí. Ní Ògèrè Rẹ́mọ náà, 1930 ni Josiah Olunowo Ositelu dá Ìjọ Olúwa Aládúrà sílẹ̀. Ẹ wá wo orin tó jáde látinú àwọn ìjọ aládúrà yìí: ó kúrú, àtẹ́wọ́ wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, ìyá àgbà tí ò mọ̀wé á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan á sì gbè é. Àìsàn àti wàhálà ló gbé wọn dé ibi àdúrà, ibi àdúrà yẹn lorin ti jáde. Tẹ́ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ mi pé báwo ni ìgbàgbọ́ ṣe ń di orin, ọ̀nà tó gbà nìyẹn.

Torí náà ohun àkọ́kọ́ tẹ́ẹ máa ṣe ni kẹ́ẹ wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kàn yín. Kì í ṣe mẹ́wàá o, ẹyọ kan. Kí lẹ ń gbàdúrà lé lórí lọ́sẹ̀ yìí? Kí ni Ọlọ́run ṣe fún yín tẹ́ẹ ò tíì lè sọ fún ẹnikẹ́ni? Ẹsẹ Bíbélì wo lẹ kà tí ẹ ò lè kọjá ibẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, tàbí kẹ́ẹ tan fóònù kẹ́ẹ sọ̀rọ̀ sí i bíi pé ẹ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, ẹ má tíì wá ohùn kankan sí i. Ẹ má sì bẹ̀rù láti kọ ìbànújẹ́ síbẹ̀. Àwọn kan rò pé orin ìyìn ò gbọdọ̀ ní ẹkún nínú, ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ ṣí Sáàmù 13, ẹsẹ mẹ́fà péré ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀ pé yóò ti pẹ́ tó, ìgbà tó sì máa fi parí ó ti ń sọ pé òun á kọrin sí Olúwa. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, orin ló fi parí, kò fo ẹkún yẹn.

Ọ̀kan lára àwọn tó dá orin gospel àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀, Thomas Dorsey, orin blues ló kọ́kọ́ ń tẹ̀ dùrù sí kó tó wá fi gbogbo ara ẹ̀ sí orin ìjọ. Ní 1932 ó lọ bá wọn ṣe ìsọjí ní ìlú míì, ibẹ̀ ni wáyà ti bá a pé ìyàwó ẹ̀ ti kú níbi ìkúnlẹ̀, ọmọ tuntun yẹn náà kú lẹ́yìn ẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó jókòó sídìí dùrù, orin tó jáde lọ́jọ́ náà, gbogbo ayé ló ń kọ ọ́ títí dòní. Mi ò ní kẹ́ẹ máa wá ìbànújẹ́ kiri o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má fi pamọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu gbogbo èèyàn.

Tẹ́ẹ bá ti ní ọ̀rọ̀ yín, ó kàn kẹ́ẹ pín in sí lílé àti ègbè. A ti mọ èyí látilẹ̀ nínú èdè wa, Bíbélì gan-an sì ní in, Sáàmù 136 ní ẹsẹ 26, ègbè kan náà ló ń padà wá ní gbogbo ẹsẹ, pé àánú rẹ̀ dúró láéláé. Ègbè ni ìgbàgbọ́ yín, lílé ni ohun tójú yín rí. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn yín, ká ní ìyá kan tí ò ní owó oúnjẹ lọ́wọ́ ló ń kọ ọ́:

Lílé: Mo jí lówùúrọ̀, ìkòkò ṣófo
Ègbè: Ọwọ́ Rẹ ni mò ń wò
Lílé: Ọmọ ń sunkún, mi ò lóhun tí mo fẹ́ wí
Ègbè: Ọwọ́ Rẹ ni mò ń wò
Lílé: Ilẹ̀ ṣú, wọ́n kanlẹ̀kùn, àwa náà jẹun
Ègbè: Ọwọ́ Rẹ ni mo rí

Ẹ rí i pé ègbè ìkẹyìn yí padà díẹ̀, ibẹ̀ ni ará ìjọ ti máa pariwo. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Ìkòkò, ọmọ, ilẹ̀kùn, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí jù lọ nìyí, ìyẹn ohùn. Yorùbá tá à ń sọ yìí ti ní orin nínú kó tó di pé a kọ ọ́ lórin, dò re mí tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ pe ègbè yẹn sókè, ẹ gbọ́ bó ṣe ń lọ: Ọwọ́ Rẹ ni mò ń wò, re mí re re dò mí dò. Ègbè ìkẹyìn, Ọwọ́ Rẹ ni mo rí, re mí re re re mí. Orin yín ò ní láti tẹ̀ lé e ní ìwọ̀n gan-gan, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè kí ohùn gòkè, níbi tó bá ti sọ̀kalẹ̀ kó sọ̀kalẹ̀. Tẹ́ẹ bá fi ohùn tó ń wálẹ̀ kọ "ọwọ́" yẹn, ohun tí ará ìjọ máa gbọ́ ni ọwọ̀, ẹ ti ń kọrin sí ìgbálẹ̀ Olúwa nìyẹn! Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú orin ìwé wa àtijọ́ náà nìyẹn, ohùn òyìnbó ń lọ sókè ọ̀rọ̀ Yorùbá ń lọ sísàlẹ̀, ìgbàgbọ́ tó wà nínú ẹ̀ kò dé etí ẹni tí ò mú ìwé orin lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ti ríran sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ń fi ohùn ilé kọ orin ìjọ, ó sì lọ kọ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ekundayo Phillips tó tẹ ọ́gáànù ní kàtídírà Marina l'Ékòó láti 1914 títí dé 1962 kọ ìwé kékeré kan jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, ohùn ọ̀rọ̀ wà lára ohun tó tẹnu mọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọrin fún ìjọ Yorùbá tí ò ka àwọn èèyàn yìí sí, mi ò mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ páàtì, ìyẹn kẹ́ẹ pín orin sí oríṣiríṣi ohùn, náà so mọ́ èyí. Tí álíto bá ń lọ sọ́tùn-ún tí bèésì ń lọ sósì, ó dùn létí lóòótọ́ àmọ́ bèésì lè máa pe ọ̀rọ̀ míì pátápátá. Èmi máa ń ní kí ẹnì kan ṣoṣo dá lílé, tàbí kí gbogbo yín fi ohùn kan kọ ọ́, kẹ́ẹ wá fi páàtì sí ègbè, torí wọ́n ti gbọ́ ègbè ní ohùn kan lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ti mọ ohun tó ń sọ.

Ìlù ńkọ́? Ẹ fi sí i, àní kẹ́ẹ pe onígángan tó mọ nǹkan tó ń ṣe, torí gángan ń pe ọ̀rọ̀, kò jọ dírọ́ọ̀mù, ó lè fi ègbè yín dáhùn láìsí ẹni tó lanu. Àmọ́ ìlù ò gbọdọ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó wà nídìí míksà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé máìkì àwọn akọrin sókè kó rẹ dírọ́ọ̀mù wálẹ̀. Tí ìyá tó jókòó lẹ́yìn pátápátá ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ẹ dá a dúró kẹ́ẹ tún un ṣe, kódà tó bá jẹ́ àárín rihásà.

Tẹ́ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ ìyìn, ẹ lọ bá àwọn àgbà nílé kẹ́ẹ tó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gbìgbà tí ń gba aláìlárá, Atẹ́rẹrẹ káyé, Adàgbà má paàrọ̀ oyè, ẹnu àwọn àgbà ni gbogbo ìyẹn ti wá, ẹ mú èyí tó bá ohun tẹ́ẹ ń sọ mu, kì í ṣe kẹ́ẹ tò ó bí ìlẹ̀kẹ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹni tó kọrin pé ìkòkò ṣófo, Ọ̀gbìgbà tí ń gba aláìlárá ló bá tiẹ̀ mu. Ẹ sì má tijú ẹ̀ka èdè wa! Tí lílé kan bá jáde ní Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé tàbí Rẹ́mọ, ẹ máa rí bí àwọn bàbá ṣe máa gbórí sókè. Kí wọ́n ṣáà má fi ṣe àwàdà, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ pa èèyàn lẹ́rìn-ín nìkan ni wọ́n ń sọ ọ́, inú mi kì í dùn sí i rárá.

Àdúrà ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tá a bá parí orin la máa gbà á? Rárá o. Johann Sebastian Bach, olórin ìjọ ní Jámánì láyé àtijọ́, máa ń kọ J.J. sókè ìwé tó fẹ́ kọ orin sí, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé Jésù ràn mí lọ́wọ́, tó bá parí á kọ S.D.G. sísàlẹ̀, pé ti Ọlọ́run nìkan ni ògo. Ẹ lè kọ tiyín ní Yorùbá. Ẹ gbàdúrà kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ẹ tún gbà á tí ọ̀rọ̀ bá há. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ máa kọ ọ́ ní ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ẹ lè gbààwẹ̀ ẹ gbà á, ẹ̀yin tẹ́ẹ máa jẹun ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ ìkòkorẹ́ àjẹyó kẹ́ẹ tó gun pẹpẹ, èémí ò ní tó. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló dáa.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ náà, torí Ìjẹ̀bú la wà, a fẹ́ràn ayẹyẹ. Wọ́n máa pè yín sí ìsìnkú, wọ́n máa pè yín sí ìkómọ, wọ́n á sì náwó fún yín. Kò sí ohun tó burú nínú kí olórin jẹun látinú iṣẹ́ ẹ̀. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kẹ́ẹ wà láàárín orin tẹ́ẹ fi ń yin Ọlọ́run kẹ́ẹ wá ti orúkọ olóyè kan bọ ègbè torí ó ń ná dọ́là. Ẹ parí ti Ọlọ́run, ẹ sinmi, kẹ́ẹ wá ki olóyè lọ́tọ̀, òun náà á gbọ́ oríkì ẹ̀.

Kẹ́ẹ tó kó owó lọ sí stúdíò, ẹ kọ orin náà níbi ìpàdé àdúrà àárín ọ̀sẹ̀ láìsí ohun èlò kankan, àtẹ́wọ́ nìkan. Tí àwọn èèyàn bá gbà á lẹ́nu yín láàárín lílé kejì sí ìkẹta, ó ti yè. Tí wọn ò bá gbà á, ègbè ló gùn jù tàbí ohùn ni kò bá ọ̀rọ̀ mu, ẹ lọ tún un gé. Ẹ bi ẹnì kan nínú wọn pé kí lorin yẹn sọ, tí kò bá rí i sọ, iṣẹ́ ò tíì tán.

Tẹ́ẹ bá yá ohùn orin ẹlòmíì lò, ẹ tọrọ àṣẹ. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà sọ pé ẹ̀tọ́ olórin ṣì wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀, àwọn orin ìwé tí àwọn tó kọ wọ́n ti kú ju 70 ọdún lọ kò ní wàhálà. Tẹ́ẹ bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ orin yín ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ akọrin míì lórí WhatsApp, ẹ tẹ àmì ohùn sí i, ẹ fi vóìsì nóòtì tẹ̀ lé e, káwọn ará Ṣágámù má lọ máa kọrin sí ọwọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ lẹ kọ sílẹ̀.