Bí A Ṣe Lè Tọ Ipasẹ̀ Stanley Lórí Máàpù Òde Òní

Ẹni tó bá fẹ́ tọ ipasẹ̀ ìrìn-àjò tí Henry Morton Stanley, akọ̀ròyìn àti olùṣàwárí ilẹ̀, rìn la àárín gbùngbùn Áfíríkà kọjá láàárín ọdún 1874 sí 1877 kò nílò ju máàpù ńlá kan, pẹ́ńsùlù àti írésà lọ. Írésà yóò wúlò, nítorí àwọn orúkọ kan nínú àkọsílẹ̀ ìgbà náà ti yí padà.

Ẹ sàmì sí Bagamoyo, létíkun Tánsáníà, níbi tí Stanley àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti gbéra lóṣù Kọkànlá ọdún 1874. Ẹ fa ìlà dé Adágún Victoria, kí ẹ sì fà á yí i ká. Kí ẹ ṣe bákan náà sí Adágún Tanganyika, torí Stanley fi ọkọ̀ ojú omi Lady Alice yí adágún méjèèjì po. Ọkọ̀ náà kò ṣàdédé dé orí omi o. Ńṣe ni wọ́n tú u sí apá-apá, tí àwọn aláàárù sì rù ú láti etíkun. Lórí Adágún Victoria, ẹ fi àmì ọ̀tọ̀ sí erékùṣù Bumbireh, níbi tí Stanley ti yìnbọn pa àwọn ará erékùṣù náà lọ́dún 1875.

Ìlú Nyangwe, lẹ́bàá odò Lualaba, ni kí ẹ ti dúró pẹ́ jù. Àríwá ni omi náà ń ṣàn lọ níbẹ̀, èyí tó mú kí David Livingstone, míṣọ́nnárì tó ti dé ibẹ̀ ṣáájú Stanley, rò pé ara Odò Náílì ni. Ẹ fi ìka tẹ̀ lé e: yóò kọjá ìlà agbedeméjì ayé, yóò yà sí ìwọ̀-oòrùn, yóò sì tún ìlà náà kọjá wá sí gúúsù kí ó tó wọ òkun. Odò Kóńgò ni. Tippu Tip, oníṣòwò eyín erin àti ẹrú, sìn wọ́n dé ọ̀nà kan kí ó tó padà.

Àwọn omi tó ń já wálẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ Stanley pè tẹ́lẹ̀, Boyoma ni ẹ ó bá a lórí máàpù, nítòsí Kisangani; adágún tó sún mọ́ Kinshasa, tí òun náà ń jẹ́ orúkọ Stanley tẹ́lẹ̀, ti di Malebo. Láti Malebo dé Boma, ìlú tó wà nítòsí ẹnu odò náà, kúrú lójú máàpù, ṣùgbọ́n àpáta àti omi tó ń já wálẹ̀ mú kí ó gbà wọ́n ní nǹkan bí oṣù márùn-ún. Ibẹ̀ ni Frank Pocock, òyìnbó tó ń bá Stanley rìn, rì sí lóṣù Kẹfà ọdún 1877, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti fi Lady Alice sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tó ń já wálẹ̀ ní Isangila.

Wọ́n dé Boma ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ. Ẹ má tíì gbé pẹ́ńsùlù. Ẹ fa ìlà náà gba orí òkun, kọjá Luanda àti Cape Town, títí dé Zanzibar, nítorí ibẹ̀ ni ilé àwọn aláàárù tó kù wà.